Ẹ Ka Ara Ìbọn Kí Ẹ Tó Ra Katiriji

Bí ọdẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta katiriji, èyí tó le jù ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Bí owó kò bá tó, á béèrè èyí tó dínwó jù. Ìbọn tó gbé kọ́ èjìká kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdẹ ní agbègbè Ìbàdàn, láti Mọ́níyà dé Akànrán, láti Ìdó dé Lálúpọn, ogún bàbá ni. Birmingham ni wọ́n ti ṣe òmíràn, òmíràn wá láti Liège ní Belgium, òmíràn láti Saint-Étienne ní ilẹ̀ Faransé. Katiriji òde òní ni a sì ń kì sínú wọn. Ìbọn fúnra rẹ̀ ló máa sọ èyí tó lè gbà. Ọ̀rọ̀ náà wà lára rẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú irin láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú ti òfin kúrò lọ́nà. Òfin ìbọn Nàìjíríà, Firearms Act ti 1959, pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí àkọ́kọ́ ni àwọn tí wọ́n kà léèwọ̀: ìbọn ìléwọ́, ìbọn arọ̀jò-ọta, àti ìbọn ológun bíi .303, .300 àti 7.62 mm. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Lee-Enfield .303, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun wa gbé lọ jà ní Burma, nínú àjà ilé bàbá àgbà, ọ̀rọ̀ wíwá ọta fún un kò sí níbẹ̀. Ẹ má gbé e rìn ní títì. Ẹ lọ bá lọ́yà, kí lọ́yà bá yín pe ọlọ́pàá wá gbé e. Ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì wà ní ìsọ̀rí kejì, ṣakabùlà àti gbogbo ìbọn tí a ń kì láti ẹnu wà ní ìkẹta. Ìsọ̀rí méjèèjì ló ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Òfin yìí kan náà kò gba aráàlú láyè láti ṣe ọta tàbí katiriji fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ní ìbọn ológun àtijọ́ lè jókòó sílé kó máa rò ó bóyá kó ra ọta ilé iṣẹ́ tàbí kó tún èèpo tó ti yìn kún. Lọ́dọ̀ tiwa, ti ilé iṣẹ́ ni. Ohun tó kù ni gígùn wo, ìwọ̀n wo, àti ọta wo.

Kí ẹ tó wo àmì kankan, ẹ ṣí ìbọn, ẹ rí i pé kò sí nǹkan nínú ihò méjèèjì. Ẹ yọ igi ìdìmú iwájú, ẹ tú ọ̀pá kúrò lára ìdí ìbọn, kí ẹ wá da ojú ọ̀pá dé kí abẹ́ rẹ̀ wà lókè. Ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ nítòsí ìdí ọ̀pá ni wọ́n máa ń tẹ àmì sí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti kẹrosíìnì díẹ̀ fọ òróró tó ti gan mọ́ ọn. Ẹ má fi sáńdípépà kàn án o, àmì tó bá ti lọ kò ní padà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ dípò òkè tààrà. Àmì tó ti ń parẹ́ á yọ síta.

Lára ìbọn Gẹ̀ẹ́sì, NITRO PROOF ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Nitro ni ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín púpọ̀. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ yẹn, tàbí NP tàbí BNP lábẹ́ adé tàbí lábẹ́ apá tó di idà mú, ẹ gbà pé ẹ̀tù dúdú nìkan ni wọ́n fi dán ìbọn náà wò. Katiriji inú páálí tuntun kò yẹ kó wọ inú rẹ̀. 1⅛ OZ MAX túmọ̀ sí pé ìwọ̀n ọta inú katiriji kò gbọdọ̀ ju 1⅛ oz lọ, ìyẹn 32 g. 2½ tàbí 2¾ ni gígùn ilé katiriji, ìyẹn ibi tí katiriji máa ń jókòó sí ní ìdí ọ̀pá, ní íǹṣì. TONS ni ìwọ̀n ipá ẹ̀tù: 3 TONS máa ń bá 2½ rìn, 3¼ TONS máa ń bá 2¾ rìn. NOT FOR BALL ń sọ pé ẹnu ọ̀pá náà fún, kí ẹnikẹ́ni má yin ọta ńlá ẹyọ kan láti inú rẹ̀. Lára ti Belgium, ELG nínú àmì róbótó gígùn ni ti Liège, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Ẹ wá kìnnìún kékeré tó dúró lórí PV. Òun ni ẹ̀rí ẹ̀tù òde òní. Ti Faransé, ẹ wá PT lábẹ́ adé. Ìbọn Baikal ti Rọ́ṣíà ni kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́: wọ́n kọ 12, ìyẹn nọ́ńbà bí ihò ọ̀pá ṣe fẹ̀ tó, àti 70, ìyẹn gígùn ilé katiriji ní mílímítà, sí i gbangba.

Ẹ wo awọ ọ̀pá náà pẹ̀lú. Bí ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bá yí i po bí àrà ara erè, Damascus ni: ọ̀já irin ni wọ́n lọ́ pọ̀, tí wọ́n wé, tí wọ́n sì fi iná àti òòlù lù mọ́ra di ọ̀pá. Ìpatà lè ti jẹ oríkèé ìsopọ̀ wọn láti inú kí ojú má rí nǹkan kan lóde. Àwọn kan ti kùn ún ní dúdú kó lè jọ tuntun, ṣùgbọ́n abẹ́ igi ìdìmú, níbi tí ọ̀dà kì í sábà dé, á ṣòfófó. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, bó ti wù kó dùn ún wò tó.

Gígùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. 65 mm tàbí 70 mm tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe gígùn katiriji bó ṣe wà lọ́wọ́ yín. Gígùn èèpo rẹ̀ ni lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín, tí ẹnu tí wọ́n ká pọ̀ ti là sílẹ̀. Katiriji 70 mm tí a kò tíì yìn kì í sábà ju nǹkan bí 58 mm lọ. Ó máa wọ ilé 65 mm, ìyẹn 2½ íǹṣì, láìjanpata, ìbọn á sì pa dé wẹ́kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé "ó wọ̀ ọ́ kẹ̀." Ó wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá mú ẹ̀tù, ẹnu èèpo á là wọ ibi tí ihò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún lọ sínú ọ̀pá. Wáàdì, ìyẹn ohun tó wà láàárín ẹ̀tù àti ọta, àti ọta á wá máa fipá gba ọ̀nà tó ti há kọjá, ipá ẹ̀tù tó wà lẹ́yìn wọn á sì ga ju ohun tí wọ́n dán ìbọn náà wò fún. Ọ̀pá lè má bẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Èjìká ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí ìbọn á máa ta sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn èyí, ìsopọ̀ ọ̀pá mọ́ ìdí á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀.

Àwọn atúnbọn-ṣe ní irin ìwọ̀n fún ilé katiriji. Bí kò bá sí, ẹ mú rúlà irin tó tín-ín-rín, ẹ tì í wọlé láti ìdí ọ̀pá kó máa fara nu ògiri ihò lọ. Níbi tí ilé katiriji ti parí, rúlà á kọ́ igun kékeré kan. Ẹ ka ohun tó wà níbi ìdí ọ̀pá gan-an. Bí ó bá bọ́ sí àárín 65 sí 70, ẹ kà á sí 65. Ẹ̀rí kejì wà lára èèpo tí wọ́n ti yìn nínú ìbọn yẹn tẹ́lẹ̀: ẹnu rẹ̀ yẹ kó gún régé. Bí etí rẹ̀ bá ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tó sì ti tín-ín-rín ju ara yòókù lọ, ilé ti kúrú fún un.

Katiriji tó kúrú nínú ilé gígùn kì í ṣe ewu, 65 lè wọ ilé 70. Gígùn nínú ilé kúkurú ni ọ̀rọ̀ wà. 76 mm, tí wọ́n ń pè ní Magnum, ilé 76 nìkan ló wà fún. Fún ìbọn 65 mm, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti kọjá 30 g, 28 g gan-an sì ń ṣe iṣẹ́ àgbàyanu. Páálí rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé ó yẹ fún ilé 65 mm. Fún ìbọn 70 mm tó ṣì le, 32 g ti tó. Ẹ tún wo bóyá wọ́n kọ nọ́ńbà bar, ìyẹn ìwọ̀n ipá ẹ̀tù, sí ara páálí. Ìlànà àwọn ilẹ̀ Yúróòpù fi 740 bar ṣe òpin fún katiriji lásán, 1050 bar fún èyí tó le. Àwọn tó le yẹn kò bá ìbọn àtijọ́ ṣọ̀rẹ́, gẹ́gẹ́ bí katiriji tí ọta inú rẹ̀ jẹ́ irin dípò òjé kò ṣe bá a ṣọ̀rẹ́. Òjé máa ń rọ̀ bó bá kan ẹnu ọ̀pá tó fún, irin kò mọ̀ ọ́n rọ̀. Ó lè mú ẹnu ọ̀pá wú.

Ní ti ọta, mílímítà ni kí ẹ fi máa rajà. Nọ́ńbà lè tàn yín jẹ. No 6 ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 2.6 mm, No 6 ti Amẹ́ríkà jẹ́ 2.8 mm, ìyẹn sì ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní No 5. No 4 ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 3.1 mm, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 3.3 mm. Èyí tó burú jù ni pé Amẹ́ríkà tún ní No 4 Buck, 6.1 mm, tí kò bá No 4 lásán tan rárá. Ọlọ́jà tó bá ní "nọ́ńbà fọ́ọ̀ ni" kò tíì sọ nǹkan kan. SG ti Gẹ̀ẹ́sì àti 00 Buck ti Amẹ́ríkà jọ jẹ́ 8.4 mm.

Oz kan, 28 g, No 6 Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 270 ẹyọ ọta. No 4 ní 170. BB, tó jẹ́ 4.1 mm, ní 70. SG ní 8 péré. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ló yẹ kó wà lọ́kàn yín bí ẹ bá fẹ́ fi SG yin ọ̀yà. Ọ̀pọ̀ ọdẹ fẹ́ràn SG nítorí pé ẹyọ rẹ̀ tóbi, ó sì ń bani lẹ́rù. Ní 35 mítà, ẹyọ mẹ́jọ yẹn ti tú ká débi pé ọ̀yà lè jókòó sáàárín wọn. Ọ̀kan lè bà á ní ikùn, á sá wọ inú eèsún, kò ní sí ẹran, ẹran náà á sì jẹ ìrora kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Fún ọ̀yà, No 4 tàbí No 3, láàárín 3.1 sí 3.3 mm, láti ibi tí kò ju 30 mítà lọ. Fún àparò, No 6. Fún ehoro, No 5. Fún ẹtu, BB láti 25 mítà wá sítòsí. Ìgalà nìkan ni SG bá mu nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí, kó má sì jìnnà ju 25 mítà lọ. Gbogbo èyí sì jẹ́ ní ibi tí wọ́n fún yín láyè láti dọdẹ. Igbó inú ọgbà IITA kò sí lára rẹ̀, igbó ọba tó wà ní Gambari sì ní àṣẹ tirẹ̀.

Ṣóòkù, ìyẹn bí ẹnu ọ̀pá ṣe fún tó, tún ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 40 yáàdì, nǹkan bí 36.5 mítà, ẹnu tí kò fún rárá máa ń kó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ọta sínú òbírí oníwọ̀n 30 íǹṣì. Ìdajì ṣóòkù ń kó 60, ṣóòkù kíkún ń kó 70. Nínú ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́, ọ̀pá òsì ló sábà máa ń fún ju ọ̀tún lọ. Ìbọn kọ̀ọ̀kan sì ní katiriji tó fẹ́ràn. Ẹ na páálí ńlá tó fẹ̀ tó 1.2 mítà síwájú ebè yẹ̀pẹ̀ tó ga, níbi tí kò sí ilé tàbí ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yin ẹyọ kan láti ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ẹ wá fa òbírí yí ibi tí ihò pọ̀ sí jù kí ẹ kà á. Bí àyè tó gba àwo oúnjẹ bá ṣófo láàárín òbírí, katiriji yẹn kò bá ìbọn náà mu, bí ó ti wù kó wọ́n tó. Katiriji oníwáàdì ike máa ń kó ọta jọ ju oníwáàdì bébà tàbí fẹ́ẹ̀tì lọ, nítorí náà ẹ lè fi ìyẹn tún un ṣe kí ẹ tó pààrọ̀ nọ́ńbà ọta.

Ewu kan wà tó ń pa ènìyàn tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọjọ́ orí ìbọn. Katiriji 20 tín-ín-rín ju ti 12 lọ. Bí ọ̀kan bá ṣèèṣì bọ́ sínú ìbọn 12, kò ní jábọ́ síta. Á yọ̀ wọlé lọ há sí iwájú ilé katiriji. Ọdẹ á wo ihò, á rí i pé ó ṣófo, á ki 12 lé e lẹ́yìn. Bí ó bá yìn ín, ọ̀pá á bẹ́ sí ọwọ́ òsì tó dì í mú. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ fi ń ṣe èèpo 20 ní àwọ̀ yẹ́lò. Ilé tó bá ní ìbọn méjèèjì kò gbọdọ̀ kó katiriji wọn sínú àpò kan náà.

Láti oṣù kẹrin dé ìkẹwàá, òjò Ìbàdàn kì í ṣàánú katiriji. Èèpo bébà máa ń mu omi, á wú, á sì há sínú ihò. Ẹ má lù ú wọlé, ẹ yọ ọ́ dànù. Ike kì í wú ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n omi lè gba ẹnu rẹ̀ wọlé, tàbí etí káàpù, ìyẹn ojú ìdí katiriji tí abẹ́rẹ́ ìbọn máa ń gún kí iná tó mú ẹ̀tù, ìdí idẹ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé díẹ̀ tí aṣọ gbígbẹ lè nù kúrò kò burú. Bó bá ti jẹ idẹ ní ihò, kò tún wọ ìbọn mọ́. Ẹ kó katiriji sínú agolo tó pa dé dáadáa pẹ̀lú àpò kékeré amúgbẹ tó máa ń bá bàtà tuntun wá, kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, lọ́tọ̀ sí ìbọn. Ẹ má gbé e sí àjà lábẹ́ páànù, nítorí ooru ọ̀sán ibẹ̀ máa ń ba ẹ̀tù jẹ́.

Bí ẹ bá fa ìbọn tí kò dún, ẹ má tètè ṣí i. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò léwu, ẹ ka 30 ìṣẹ́jú àáyá, torí iná lè ṣì máa rìn lọ sínú ẹ̀tù. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí i kí ẹ wo ojú káàpù. Bí abẹ́rẹ́ kò bá tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, àbùkù wà lára ìbọn: sípíríǹgì ti rọ̀ tàbí abẹ́rẹ́ ti jẹ. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, àbùkù wà lára katiriji, bóyá omi ti wọ̀ ọ́. Bí ó bá dún "pọ́" lásán, tí kò ta èjìká, ẹ dúró pátápátá. Ẹ tú ọ̀pá, kí ẹ wò ó já. Wáàdì lè ti há sí àárín rẹ̀, ọta tó bá tẹ̀ lé e ló máa mú ọ̀pá wú.

Mo ti sọ pé òfin kò fàyè gba kíkún èèpo. Síbẹ̀ katiriji tí wọ́n tún kún ń rìn nínú ọjà, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lójú. Àṣà ṣakabùlà ni wọ́n gbé wọ inú rẹ̀. Ní ṣakabùlà, ọdẹ lè fojú wọn ẹ̀tù dúdú, kó fi irin wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e, kó sì mú un jẹ fún ọgbọ̀n ọdún. Ìbọn tí a ń kì láti ìdí kì í jẹun bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun Kírìjì pàápàá, ìbọn Snider, tí a ń kì láti ìdí, tí Èkìtìparapọ̀ fi dojú kọ Ìbàdàn, katiriji tirẹ̀ tó ń gba Èkó wá ló ń jẹ. Ilé iṣẹ́ ń fi káàpù, ẹ̀tù, wáàdì, ọta àti èèpo bára mu. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan, ipá yí padà. Ẹ̀tù òde òní tí wọ́n fojú wọ̀n bíi ti dúdú lè di ìlọ́po ohun tí ọ̀pá lè gbà, kò sì sí ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n láti ìta. Ọta tí wọ́n yọ́ láti inú bátìrì ọkọ̀ tún ń fi èéfín òjé pa ẹni tó ń yọ́ ọ lára, pàápàá ọmọdé tó bá wà nítòsí.

Ẹ mú katiriji kan jáde nínú páálí, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ti ilé iṣẹ́ sábà máa ń ká pọ̀ ní ìgun mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó ṣe déédéé. Bí ó bá wọ́, tí àbẹ́là tàbí gọ́ọ̀mù bá wà níbẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ wo etí idẹ ìdí rẹ̀ bóyá irin tó ń fa èèpo jáde ti ha á rí. Ẹ wo káàpù bóyá ó yọ ju ìdí lọ tàbí ó ti ní ojú abẹ́rẹ́. Ẹ fi ọwọ́ jì í: kò yẹ kí ọta máa mì wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń lò, ẹ wọn márùn-ún láti inú páálí kan náà. Bí ọ̀kan bá fi gíráàmù méjì tàbí mẹ́ta yàtọ̀ sí àwọn yòókù, páálí náà ti ní ọwọ́ ènìyàn nínú.

Èèpo tí ẹ bá sì ti yìn, ẹ má fi sílẹ̀ nínú igbó. Ẹ fi ọ̀bẹ la ike rẹ̀ láti ẹnu dé ìdí lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan tún kún.